Adéoyè Lambo, Oníṣègùn Àrò

Ní Ìlémọnà tí mo ti wá, àti ní gbogbo àyíká Ọ̀fà, Àrò kì í ṣe orúkọ ibì kan lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, èébú ni. Ọmọ tí ó bá ń ṣe ìpáǹle, wọn a ní Àrò ló kàn án. Àgbà tí ó bá sọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, wọn a ní kí wọ́n wá ọkọ̀ Àrò fún un. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan ni orúkọ ọkùnrin tí ó sọ Àrò di ibi tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè ń wá wò, tí ó sì jẹ́ pé ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Ọkùnrin náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí.

Ohun tí ó mú mi yan ìtàn yìí kò jìnnà. Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń kọ́ ọpọlọ níṣẹ́ ti ń ràn kálẹ̀. Neurofeedback ni wọ́n ń pè é. Wọn a lẹ irin pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́ agbárí ènìyàn. Irin náà a máa gba iná mànàmáná tín-ín-rín tí ọpọlọ ń mú jáde. Ẹ̀rọ a sì máa fi í han ẹni náà bí àwòrán tàbí bí ohùn, kí ó lè kọ́ bí yóò ṣe mú ọpọlọ ara rẹ̀ rọlẹ̀ tàbí bí yóò ṣe ta á jí. Wọ́n ní ó ń lé ìrẹ̀wẹ̀sì lọ, ó sì ń jẹ́ kí orí jí pépé fún ìdánwò. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà níwájú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kí á tó máa dáwó jọ fún ẹ̀rọ, ó yẹ kí á mọ ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú nípa ọpọlọ ọmọ Yorùbá, nípa ohun tí ń da orí rẹ̀ rú àti ohun tí ń dá a padà sípò.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Lambo sí, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1923. Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta náà ni ó lọ, ilé-ẹ̀kọ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti jókòó sí ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ogun Hitler ń jà lọ́wọ́, ó ré òkun kọjá lọ sí Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ibẹ̀ ni ó wà tí ó fi gbé Dinah Violet Adams, ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì, níyàwó ní ọdún 1945. Ní ọdún 1948 ó gboyè dókítà. Ó wálé, ó ṣe dókítà ìjọba fún ìgbà díẹ̀, ó sì tún kọrí sí London, sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àìsàn ọpọlọ tí ó so mọ́ ilé ìwòsàn Maudsley.

Kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ní ìgbà náà, dókítà tí ó bá fẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ fi òun yangàn, iṣẹ́ abẹ ni yóò kọ́, tàbí ìgbẹ̀bí, tàbí ìtọ́jú ọmọdé. Ta ni ń rán ọmọ lọ sí ìlú Òyìnbó kí ó lọ kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú wèrè? Ṣùgbọ́n ohun tí Lambo yàn nìyẹn. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ oníṣègùn ọpọlọ ní ọ̀nà ti Òyìnbó tí ó sì wá ṣe é nílé.

Ohun tí ó bá nílẹ̀ kò dára tó ohun tí à ń fi orúkọ ilé ìwòsàn pè. Ìjọba amúnisìn ti dá ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí sílẹ̀ ní Calabar ní ọdún 1904, wọ́n sì dá ti Yábàá sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ibi ìfipamọ́ ni àwọn méjèèjì jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó bá ń da ìgboro rú ni wọ́n ń kó síbẹ̀, kì í ṣe pé kí ara rẹ̀ lè dá bí kò ṣe pé kí ìgboro lè rójú. Òfin tí wọ́n ń lò, ti ọdún 1916, kò ju kí a ti ènìyàn mọ́lé lọ. Ní ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí orí wọn ti dàrú lójú ogun ń padà bọ̀, wọ́n ṣí òmíràn sí Lántòrò ní Abẹ́òkúta. Ilé tí wọ́n lò fún un, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀.

N kò ní tìtorí pé mò ń kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kí n wá fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Nílé tiwa pẹ̀lú, nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Àwọn baba wa ní egbòogi, wọ́n ní ètùtù, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n tún wà, ṣẹkẹṣẹkẹ̀ wà, pàṣán wà. Ẹni tí ó bá ti gbé lẹ́bàá ilé adáhunṣe tí ń wo wèrè rí kò nílò kí n ṣàlàyé ariwo òru fún un.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Òyìnbó ìgbà náà wá fi iyọ̀ sí egbò. Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tí dókítà kan tí ń jẹ́ J. C. Carothers kọ. Kenya ni Carothers ti ṣiṣẹ́. Ìwé náà dá lórí ọpọlọ ọmọ Áfíríkà nígbà ìlera àti nígbà àìsàn. Ohun tí ó wí níbẹ̀ ni pé ìṣe ọmọ Áfíríkà jọ ti Òyìnbó tí wọ́n fi abẹ gé iwájú ọpọlọ rẹ̀ kúrò. Ó tún gbà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ìwé yìí àti àjọ tí ó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé a óò tún pàdé wọn.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní 1954, Lambo dé sí Àrò gẹ́gẹ́ bí olórí. Ilé ìwòsàn tuntun tí ìjọba ń kọ́ síbẹ̀ kò tíì parí. Dókítà mìíràn ì bá jókòó de àwọn kọ́lékọ́lé. Lambo bojú wo ẹ̀yìn ọgbà, ó rí àwọn abúlé àwọn àgbẹ̀ tí ó yí ilẹ̀ ilé ìwòsàn ká. Ó lọ bá àwọn baálé abúlé náà, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn òun sílé. Ẹ fojú inú wo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ju ọdún 31 lọ, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé, ó dúró níwájú àgbà àgbẹ̀, ó ní kí ó fi yàrá rẹ̀ háyà fún wèrè. Síbẹ̀ wọ́n gbà fún un. Abúlé mẹ́rin ni ètò náà kárí.

Bí ètò náà ṣe rí nìyí. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá: ìyá rẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o, àǹtí rẹ̀ ni o. Àwọn méjèèjì yóò gba yàrá lábúlé. Ìbátan yìí ni yóò máa se oúnjẹ tí aláìsàn mọ̀ lẹ́nu, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Níbẹ̀, wọn a fún un ní oògùn òyìnbó, àwọn kan a gba ìtọ́jú iná mànàmáná, dókítà a bá wọn sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán, wọn a padà sí abúlé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń balẹ̀ a bá àwọn ará abúlé lọ sóko, a bá wọn ná ọjà, a bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, a wo ijó ọdún wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa yí ilé ká láti wo bí wọ́n ti ń ṣe sí. Kò sí ọgbà onírin, kò sì sí kọ́kọ́rọ́.

Àwọn ará abúlé náà kò ṣe é lásán, ó sì yẹ kí á sọ ọ́, nítorí pé àwọn kan ń ròyìn Àrò bí ẹni pé àánú nìkan ló mú un dúró. Owó ilé ń wọlé fún wọn. Ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi yàrá kún ilé wọn. Omi ẹ̀rọ dé, ilé ìgbẹ́ dé, wọ́n pa ẹ̀fọn. Ojú tí wọ́n fi ń wo aláìsàn yí padà nítorí pé ó ti di ayálégbé, ó ti di oníbàárà, ó ti di ẹni tí ń bá wọn ro ebè. Lójú mi, ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù nínú ètò náà nìyí. Lambo kò wàásù fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rù wèrè. Ó ṣètò kí ó máa ṣe wọ́n láǹfààní láti mọ̀ ọ́n.

Jẹ́ kí á mú un pé ará Ìlémọnà kan ni àìsàn náà dé bá ní ìgbà náà. Ọ̀fà kò jìnnà sí wa, ọ̀nà ojú irin tí ó ti Èkó wá sì gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo kí ó tó dé Ọ̀fà. Bí wọ́n bá gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́nà ti Yábàá, òun nìkan ni yóò lọ, láàárín ọlọ́pàá, ilé rẹ̀ yóò sì máa ka ọdún. Bí ó bá jẹ́ Àrò ti Lambo ni, ìyá rẹ̀ ni yóò jókòó tì í nínú ọkọ̀, pẹ̀lú ìkòkò, ẹní àti èlùbọ́. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ìrìn àjò náà kò jọra. Nígbà tí ara rẹ̀ bá sì yá, ẹni tí yóò mú un padà wọ Ìlémọnà ni ìyá tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí ara ọmọ òun ti ń yá díẹ̀díẹ̀, tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó lo oògùn, tí ó sì lè dá ẹni tí ó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn.

Láti ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn ará ìlú Geel ní ilẹ̀ Belgium ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé wọn. Àwọn tí ó mọ̀ nípa Geel máa ń fi Àrò wé e. Ṣùgbọ́n ní Geel, àlejò ni ń tọ́jú àlejò. Ìbátan tí ń bá aláìsàn wá, èyí tí ó jẹ́ òpó ilé náà, ti Àrò ni.

Lambo tún ṣe ohun kan tí ó bí àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú. Ó kó àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bíi 12 jọ láti oríṣiríṣi ibi, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òun ní abúlé, lábẹ́ àbójútó. Àwọn kan ní ó ti gbé àwọ̀ Maudsley sọnù, ó ti di babaláwo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò yọ oògùn òyìnbó kúrò, kò sì fi ìtọ́jú lé àwọn adáhunṣe lọ́wọ́ kí ó máa lọ. Ohun tí ó mọ̀ ni pé aláìsàn tí ó gbà lọ́kàn rẹ̀ pé àwọn ayé ló ń ṣe òun, tàbí pé òun ti ṣẹ òrìṣà ilé baba òun, kò sí abẹ́rẹ́ tí yóò yọ ìyẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ó gbọ́ èdè tí ó fi ń jìyà. Ní ọdún 1955 ni ó ti tẹ iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí bí àṣà ṣe ń hàn nínú àìsàn ìfura láàárín àwa Yorùbá, ibẹ̀ ni gbòǹgbò èrò yìí wà.

Egbòogi àwọn adáhunṣe náà kì í ṣe ohun àfiṣẹ̀sín. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Canada tí ó bá Lambo ṣiṣẹ́ ní Àrò láti 1957 sí 1959, kọ nípa asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa ń fún wèrè mu kí ara rẹ̀ lè rọ̀. Ẹbí kan náà ni asofẹ́yẹjẹ àti igi ilẹ̀ Índíà tí àwọn onímọ̀ Switzerland yọ oògùn reserpine jáde lára rẹ̀ ní ọdún 1952, oògùn tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ọpọlọ ayé fi ń mú aláìsàn balẹ̀ nígbà náà. Àwọn baba wa ti ń gún un lódó kí Switzerland tó sè é.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Lambo pe ìpàdé àkọ́kọ́ ti àwọn oníṣègùn ọpọlọ gbogbo Áfíríkà sí Abẹ́òkúta. Àsìkò yẹn náà ni òun àti Alexander Leighton, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà láti Yunifásítì Cornell, kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ sí àwọn abúlé àti ìgboro Abẹ́òkúta láti bi àwọn ènìyàn léèrè nípa ìlera ọkàn wọn. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Wọ́n fi ohun tí wọ́n rí wé ohun tí Leighton ti rí ní agbègbè kan ní Canada. Àìsàn tí ń bá ọkàn jà níbẹ̀ náà ni ó ń bá a jà níbí. Ìrẹ̀wẹ̀sì tí Carothers ní kò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín wa, wọ́n bá a nílé àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀gbá ní rẹpẹtẹ. Kò ṣáà jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé lọ sọ fún dókítà. Bí Lambo ṣe dá Carothers lóhùn nìyẹn. Kò bú u. Ó lọ ka àwọn ènìyàn lójúlé lójúlé.

Mo dé ibi tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Nígbà tí Prince wà ní Àrò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àròyé kan náà. Orí ń jó wọn bí iná. Nǹkan ń rìn lágbárí wọn bí èèrà. Ojú ń ṣe bàìbàì bí wọ́n bá ṣí ìwé. Wọ́n kàwé tán, kò sí ohun tí ó dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́ ní brain fag, orúkọ náà sì ni Prince lò nígbà tí ó kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1960. Èmi kò rò pé ẹnì kan wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa tí kò mọ ẹni tí ó ti ní irú rẹ̀ rí, pàápàá nígbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kọfí àti obì di oúnjẹ alẹ́.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ padà sórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọpọlọ tó ní láárí ló bí ẹ̀rọ náà, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé idán ni. Hans Berger, oníṣègùn ọpọlọ ní ìlú Jena ní Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ya ìgbì iná mànàmáná ọpọlọ ènìyàn sórí ìwé ní ọdún 1924, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929. Ní nǹkan bí ọdún 1958, Joe Kamiya ní Chicago rí i pé bí a bá ń sọ fún ènìyàn ìgbà tí ìgbì kan dé sí ọpọlọ rẹ̀, yóò kọ́ láti mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Barry Sterman ní California kọ́ àwọn ológbò bẹ́ẹ̀, ó sì wá dán an wò lára àwọn oníwárápá láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kì í pa pọ̀, tí wọ́n sì ṣètò ìwádìí náà kí ẹni tí yóò wo àbájáde má mọ ọmọ tó lo ojúlówó ẹ̀rọ àti èyí tó lo ayédèrú, èrè tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Ó jọ pé ohun tí ó pọ̀ nínú ìtura náà ni pé ẹnì kan fi sùúrù jókòó tini fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Àrò ti mọ ìyẹn láìsí wáyà lórí ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè tí ẹ̀rọ kì í bi akẹ́kọ̀ọ́ ni Prince bi. Ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ? Ta ni ó san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ? Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí orí ń jó jẹ́ ọmọ tí gbogbo ẹbí dáwó jọ rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń retí kí ó wá gbé gbogbo wọn sókè. Ọmọ tí a kọ́ láti kékeré pé iṣẹ́ àjọṣe ni iṣẹ́, wọ́n wá jókòó rẹ̀ síwájú ìwé ní òun nìkan, pẹ̀lú ojú ogún ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ta ilẹ̀ ní Ìlémọnà kí ọmọ kan lè wọ Yunifásítì. Ọmọ náà mọ iye tí wọ́n ta á. Kí ni irin tí a lẹ̀ mọ́ ọn lórí yóò sọ fún un nípa ilẹ̀ náà?

Ní ọdún 1963 Lambo kúrò ní Àrò lọ di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ àìsàn ọpọlọ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ní 1966, ó sì di Gíwá ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà. Ọ̀pọ̀ ìtàn nípa rẹ̀ máa ń sáré kọjá níhìn-ín. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí, kò sì yẹ kí á sáré. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ń ṣe ìwọ́de. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gbọ̀ngán ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pe ọlọ́pàá wọ ọgbà. Ọlọ́pàá yìnbọn, ìbọn sì pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Adékúnlé Adépéjú. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn títí di òní. Kì í ṣe Lambo ni ó fa ìbọn. Ṣùgbọ́n òun ni Gíwá, nínú ọgbà tí ó jẹ́ ilé rẹ̀ ni ó sì ti ṣẹlẹ̀, ọkùnrin tí ó ti fi hàn ní Àrò pé a lè gbé láàárín àwọn tí orí wọn gbóná jù lọ láìsí ọgbà onírin. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, n kò sì rí ọ̀nà tí mo lè gbà kọ ìtàn rẹ̀ kí n yọ ọjọ́ yẹn kúrò. Kí ọdún náà tó parí ni ó ti kúrò ní Ìbàdàn.

Geneva ni ó lọ, sí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àjọ tí ó tẹ ìwé Carothers ní 1953 ni ó wá fi Lambo ṣe ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ olórí rẹ̀ ní 1971, ó sì di igbákejì olórí pátápátá ní 1973. Ó wà nípò náà títí di 1988, pẹ̀lú Halfdan Mahler ọmọ Denmark tí ó jẹ́ olórí. Láàárín àkókò náà ni gbogbo ayé péjọ sí Alma-Ata ní ọdún 1978, tí wọ́n sì fi ẹnu kò pé ìwòsàn gbọ́dọ̀ dé ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé, pé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú lè ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Àrò ti ọdún 1954 yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí igbákejì olórí.

Àrò fúnra rẹ̀ ń kọ́? Ilé ìwòsàn náà ń bẹ, ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ín, ó sì ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì. Ètò abúlé náà ni kò sí mọ́ bí Lambo ti fi í sílẹ̀. Ìyá tí yóò fi oko àti àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta láti lọ gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lábúlé onílé kò rọrùn láti rí mọ́. Ọmọ mìíràn ń bẹ nílé, owó ilé ti gun òkè, ìgboro sì ti na ọwọ́ dé ibi tí ó jẹ́ oko nígbà náà. N kò rò pé a lè fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn kan tí mo lọ kí ìbátan mi kan tí ara rẹ̀ kò yá, aago ni wọ́n fi ń wọn ìgbà tí ẹbí lè lò lọ́dọ̀ aláìsàn, ẹnubodè ni wọ́n sì ti ń gba oúnjẹ tí a sè lọ́wọ́ wa.

Lambo wálé láti Geneva, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ìlera lọ ní Èkó. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2004, nígbà tí ó ku ọjọ́ 16 kí ó pé ọmọ ọdún 81. Òfin wèrè tí àwọn amúnisìn ṣe ní 1916, tí wọ́n tún tẹ̀ sínú ìwé òfin ní 1958, ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Nàìjíríà tó fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó gba ipò rẹ̀.